Òfin Kì í Kan Páànù: Bí Ilé Àtijọ́ Ṣe ń Di Ohun Ìrántí Orílẹ̀-èdè

Ìpàdé kan wà tí kò ní ṣàì wáyé lọ́jọ́ kan nínú ìjọ tó bá ti pẹ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn bàbá fi amọ̀ mọ ti kéré fún èrò. Páànù ti dípẹtà, ikán ti wọ igi àjà. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí wọ́n wó o, kí wọ́n kọ́ èyí tó máa gba gbogbo ìjọ. Àwọn àgbà ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ri àwọn bọmi, ibẹ̀ ni wọ́n ti so àwọn pọ̀ ní tọkọtaya. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di fà-kí-n-fà, ẹnì kan á dìde, á ní kí wọ́n fà á lé ìjọba lọ́wọ́ kó di ohun ìrántí. Ara á tu gbogbo ilé, wọ́n á gbàdúrà ìparí, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ.

Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun tí òfin ń ṣe fún ilé àtijọ́ kéré sí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn lérò. Ó lè ká ẹni tó fẹ́ wó ilé lọ́wọ́ kò. Ẹni tó máa san owó páànù àti ẹni tó máa gbá ewé kúrò lójú ọ̀nà omi kò sí nínú rẹ̀. Ìjọ tó bá fẹ́ tọrọ ààbò ìjọba gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń tọrọ, ọ̀dọ̀ ẹni tó ti ń tọrọ rẹ̀, àti ẹrù tí kò ní kúrò lórí òun lẹ́yìn tí wọ́n bá fún un tán.

Àwa tí a wà ní Òmù-Àrán kò ní láti rìn jìnnà ká tó rí àpẹẹrẹ. Èsìẹ́ àti Òmù-Àrán jọ wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn ni, Èsìẹ́ sì ni mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ ju 1,000 lọ. Òkúta náà rọ̀, ara rẹ̀ ń yọ̀ bí ọṣẹ, ọ̀bẹ lásán sì lè gé e. Ìdí nìyẹn tí agbẹ́lére ayé àtijọ́ fi lè fi í dá àrà, ìdí náà sì nìyẹn tó fi tètè ń kán. Obìnrin kan jókòó sórí àpótí roboto, ó gbé àdá lé èjìká, irun rẹ̀ ga sókè ṣóńṣó, wọ́n sì fi ilà tín-ín-rín ha ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọkùnrin kan gbé apó ọfà kọ́ ẹ̀yìn. Àwọn mìíràn ń lo ohun èlò orin. Àwọn kan kéré tó fi jẹ́ pé ọwọ́ kan lè gbé wọn. Àwọn kan ga ju mítà kan lọ. Láti ara àfọ́kù ère amọ̀ tí wọ́n rí láàárín wọn, àwọn onímọ̀ fojú dá ọjọ́ orí wọn sí nǹkan bí ọdún 1100.

Ìtàn tí àwọn àgbà Èsìẹ́ ń sọ ni pé nígbà tí àwọn baba ńlá wọn dé láti tẹ ìlú dó, wọ́n bá àwọn ère náà níbẹ̀. Àwọn kan ní èèyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó di òkúta. Ìlú gbà wọ́n bí ẹni gba àlejò pàtàkì: igbó tí wọ́n wà di ibi ọ̀wọ̀, wọ́n ní abọrẹ̀, wọ́n ní ọdún tí wọ́n ń ṣe fún wọn, olórí wọn sì ń jẹ́ Ọba Ère. Ààbò àkọ́kọ́ tí ère Èsìẹ́ ní nìyẹn. Kò sí ìwé kankan nínú rẹ̀, àmọ́ gbogbo ìlú ló mọ ohun tí kò ṣeé ṣe níbẹ̀ àti ẹni tí wọ́n máa bi bí nǹkan bá sọnù.

Lọ́dún 1933, H. G. Ramshaw, tó ń bẹ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọ CMS wò, rí àwọn ère náà, ó sì fi tó àwọn tó wà lókè òkun létí. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé e wá sí àdúgbò wa, òun ló sì kéde ohun tí àwọn ará ìlú ń bọ nínú igbó. Lásìkò náà, púpọ̀ nínú wọn ti fọ́. Orí wà níbi kan, ara wà níbòmíràn. Bí ìròyìn sì ti ń tàn kálẹ̀ ni ewu ń pọ̀ sí i, torí ohun tí ayé bá ti gbọ́ pé ó níye lórí, olè náà á gbọ́. Kenneth Murray, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà tó dé Nàìjíríà ní 1927, wà lára àwọn tó ń ké sí ìjọba pé ohun àtijọ́ ilẹ̀ yìí ń run. Lọ́dún 1943 ìjọba amúnisìn gbà láti fi iṣẹ́ ìtọ́jú ohun àtijọ́ lé e lọ́wọ́. Lọ́dún 1945, ilé dúró fún àwọn ère Èsìẹ́. Jos kò ní mùsíọ́mù tirẹ̀ títí di 1952, ti Èkó sì di 1957.

Ẹ wo bí àwọn ọdún wọ̀nyí ṣe tẹ̀ léra wọn. Ọdún 1953 ni òfin tó gbòòrò lórí ohun àtijọ́ ní Nàìjíríà tó jáde. Ìyẹn ni pé Èsìẹ́ ti ní ilé àti ẹ̀ṣọ́ fún ọdún mẹ́jọ gbáko kí òfin náà tó dé, ó sì ti ní àwọn tó ń bọ̀wọ̀ fún nǹkan náà fún ọ̀pọ̀ ìran ṣáájú ìyẹn. Òfin bá àwọn tó ń tọ́jú nǹkan lẹ́nu iṣẹ́ ni. Bó ṣe máa ń rí níbi tí ààbò bá ti múná dóko nìyẹn.

Òfin tí a ń lò báyìí wá láti ara àṣẹ ìjọba ológun, nọ́ńbà 77 ti ọdún 1979, tó dá Àjọ Mùsíọ́mù àti Ohun Ìrántí Orílẹ̀-èdè sílẹ̀, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí NCMM. Òfin náà to ohun tó ń pè ní ohun àtijọ́ lẹ́sẹẹsẹ: ohun tí a wú nínú ilẹ̀ àti ilẹ̀ tí ó ti jáde, àwókù ibùgbé àwọn èèyàn ìgbà ìwáṣẹ̀ àti ti àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀ dó, pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ilẹ̀ yìí bí ère, òpó ilé, ilẹ̀kùn gbígbẹ́, ìlù, ọ̀ṣọ́ ọba àti ìwé àfọwọ́kọ. Fún iṣẹ́ ọwọ́ wọ̀nyí, ọdún 1918 ni wọ́n fi pa ààlà. Èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú rẹ̀ wọlé tààrà. Èyí tó bá wá lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìtàn tàbí ẹwà nínú, kí wọ́n sì ti lò ó fún ètò ìbílẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà.

Kí nǹkan tó di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ó máa gba ọwọ́ mẹ́ta kọjá. Àjọ náà ló kọ́kọ́ máa yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì dá a lójú pé nǹkan náà nílò ààbò àti pé àǹfààní gbogbo orílẹ̀-èdè ló wà nínú rẹ̀. Ìtàn pé bàbá wa àgbà ló gbé bíríkì àkọ́kọ́ kalẹ̀ kò tó. Ohun tí ilé náà sọ fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú ni wọ́n ń wá. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á tẹ ìkéde sínú gàsẹ́ẹ̀tì ìjọba àpapọ̀, wọ́n á fún ẹni tó ni ín, wọ́n á sì lẹ ọ̀kan mọ́ ibi tí ojú ti lè rí i lára ilé tàbí nítòsí rẹ̀. Ìkéde yìí ló wà fún ọwọ́ kejì, ìyẹn onílé àti ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀tọ́ sí ibẹ̀: bí wọn kò bá fara mọ́ ọn, àkókò wà fún wọn láti kọ̀wé ta kò ó. Ọwọ́ kẹta ni ti Ààrẹ. Òun ló ń pàṣẹ, wọ́n á sì tún tẹ àṣẹ náà sínú gàsẹ́ẹ̀tì. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wó o, bà á jẹ́, yí i padà tàbí gbé e kúrò láìgba àṣẹ àjọ.

Ọ̀nà kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 fi ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo Nàìjíríà sábẹ́ ìjọba àpapọ̀, ó sì yọ̀ǹda fún ìpínlẹ̀ láti ṣòfin lórí ìyókù. Ṣọ́ọ̀ṣì tí kò tóbi tó lójú Àbújá lè tóbi tó lójú Ìlọrin. Ìjọ tó bá fojú sí Àbújá nìkan lè pàdánù ohun tí ì bá rí gbà nílé.

Àṣẹ ohun ìrántí náà kò gba ilé lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ìjọ náà ló ṣì ni ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, òun ló ṣì ń jọ́sìn níbẹ̀, òun náà ló sì ṣì ń rọ́pò páànù. Ohun tó yí padà ni pé kò lè dá pinnu mọ́ irú páànù tó máa fi rọ́pò rẹ̀. Bó bá fẹ́ yọ fèrèsé onígi kó fi ti gíláàsì sí i, tàbí kó sún ògiri sẹ́yìn, ó máa kọ̀wé, ó sì máa dúró de èsì. Ìjọ tí kò bá mọ èyí ṣáájú máa ń rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, inú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí i sí ilé tó fẹ́ dáàbò bò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ilojo Bar l'Ékòó fi hàn bí ìyẹn ṣe ń parí. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó padà dé láti Bràsíìlì, ló kọ́ ilé náà ní 1855 ní gbàgede Tinubu, pẹ̀lú fèrèsé olórí roboto àti òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì yọ sára ògiri. Ìdílé Fernandez ló ni ín. Ní 1933, ìdílé Olaiya rà á. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ó gbé ọgọ́ta ọdún lábẹ́ àṣẹ náà. Ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ ń gbówó lórí lójoojúmọ́, ilé fúnra rẹ̀ ń gbó, owó àtúnṣe kò sì wọlé. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹsàn-án, 2016, katakata wó o palẹ̀. NCMM fárígá, àwọn ayàwòrán ilé sunkún, ìwé ìròyìn kún fún un, àmọ́ òkìtì bíríkì ni wọ́n ń sunkún lé lórí. Gàsẹ́ẹ̀tì 1956 kò tíì di asán lọ́jọ́ náà. Ó ṣì lágbára lábẹ́ òfin. Ohun tó ṣaláìní ni ẹni tó ń rí jẹ tàbí tó ń rí ayọ̀ nínú kí ilé náà máa dúró.

Ti Òṣogbo yàtọ̀. Ṣáájú 1965, àwọn tó ń gé igi àti àwọn tó ń ta ilẹ̀ ti ń wọ igbó Ọ̀ṣun. Susanne Wenger, ọmọ Austria tó ti di olórìṣà, pẹ̀lú àwọn abọrẹ̀ àti àwọn agbẹ́lére Òṣogbo, dúró sínú igbó náà, wọ́n ń tún ojúbọ ṣe, wọ́n ń mọ ère amọ̀ àti sìmẹ́ńtì sí gbogbo ibi tí wọ́n fẹ́ kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn. Ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìrántí ní 1965, ó fẹ̀ ẹ́ dé hẹ́kítà 75 ní 1992, UNESCO sì fi í sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Ọdọọdún ni ọdún Ọ̀ṣun ń kó èrò wá. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan igbó yẹn lónìí, ojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni yóò ti ṣe é.

Nípa ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ní ìrírí jù. Victoria jọba láti 1837 títí di 1901, lásìkò náà sì ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ yanturu ṣọ́ọ̀ṣì sí àwọn ìlú iléeṣẹ́ wọn. Ọdún 1882 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣòfin lórí ohun àtijọ́, àwọn òkúta ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n sì ní lọ́kàn. Lẹ́yìn tí bọ́ǹbù ogun àgbáyé kejì ti ba ìlú wọn jẹ́, òfin 1944 àti 1947 ní kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ilé tó ṣe pàtàkì sílẹ̀. Títí dòní, ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé sí àjọ Historic England pé kí wọ́n wá wo ilé kan. Àjọ á yẹ ọjọ́ orí rẹ̀, ẹwà rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lára rẹ̀ àti ìtàn rẹ̀ wò, á gba mínísítà àṣà nímọ̀ràn, mínísítà á sì pinnu. Ipele mẹ́ta ni wọ́n pín in sí, èyí tó ga jù sì kéré níye jù. Nínú nǹkan bí 16,000 ṣọ́ọ̀ṣì tí Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ní, ó ju 12,000 lọ tó wà nínú ìwé yìí.

Síbẹ̀ nígbà tí òfin náà ti wà, ilé ìgbà Victoria kò níyì lójú wọn. Wọ́n ní ó wúwo, ó kún fún ọ̀ṣọ́ àṣejù. Ẹnu ọ̀nà ńlá ibùdó ọkọ̀ ojú irin Euston ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ti wà láti 1837, wà nínú ìwé, wọ́n sì wó o láàárín 1961 sí 1962 bí àwọn èèyàn ti ń pariwo. Ẹgbẹ́ Victorian Society, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1958, wà lára àwọn tó pariwo náà. Ariwo ìjákulẹ̀ yẹn ló kọ́ ìran tó tẹ̀ lé e láti tètè sọ̀rọ̀.

Ètò kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí àwọn ìjọ wa wò dáadáa. Láti 1913 ni ìjọba ti gbà pé kí Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì máa bójú tó ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí ó ti ní òfin tó ń lò. Ìjọ tó bá fẹ́ yọ àga onígi àtijọ́ kúrò, tàbí kó kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, á kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ adájọ́ tó wà fún àgbègbè bíṣọ́ọ̀bù náà. Adájọ́ á gbọ́ tẹnu ìjọ, á gbọ́ tẹnu àwọn onímọ̀ ilé, á sì ṣe ìdájọ́ lórí ìwé. Bí ìjọ bá ń pọ̀ sí i, ó lè rí àyè. Bí nǹkan ẹlẹ́wà bá fẹ́ bàjẹ́ láìnídìí, wọ́n á dá a dúró. Ìjọ tó ní bíṣọ́ọ̀bù àti ìgbìmọ̀ lè gbé irú èyí kalẹ̀ lọ́dọ̀ wa láìdúró de ìjọba kankan.

Ilẹ̀ Yorùbá náà ní ṣọ́ọ̀ṣì ìgbà Victoria. Henry Townsend kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta ní 1843, ní 1846 òun àti Samuel Ajayi Crowther wá fìdí iṣẹ́ ìjọ kalẹ̀ níbẹ̀. Ilé Kàtídírà St. Peter tó dúró l'Áké báyìí parí ní 1898. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà tí òrùlé bá ń jò, ẹni tó jókòó sábẹ́ ibi tó ń jò ló máa kọ́kọ́ mọ̀, òun náà ló sì máa dá owó. Lílò tí wọ́n ń lò ó ni kò jẹ́ kó di àwókù.

Ṣọ́ọ̀ṣì amọ̀ tiwa kò dàgbà tó ti Aké, ṣùgbọ́n àtúnṣe tí kò tọ́ lè tètè pa á. Amọ̀ ń fa omi, ó sì ń jẹ́ kí omi náà gbẹ jáde. Bí wọ́n bá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ nítorí kó lè dán, omi tó gun ògiri láti ìpìlẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́. Á máa rà á láti inú, títí sìmẹ́ńtì á fi ṣí, tòun ti amọ̀ tó dì mọ́ ọn. Omi tó ń já láti etí páànù náà ń gbẹ́ ẹsẹ̀ ògiri. Kí páànù yọ síta dáadáa, kí ojú àgbàrá wà ní ìsàlẹ̀, kí wọ́n fi amọ̀ tún amọ̀ ṣe, kí wọ́n sì máa yẹ igi àjà wò fún ikán: owó rẹ̀ kò tó owó àsè ìkórè kan, ẹ̀mí tó sì ń fi kún ilé pọ̀.

Nítorí náà, ìjọ tó bá fẹ́ kí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní ààbò ní Òmù-Àrán tàbí ní agbègbè rẹ̀, kó fi fọ́tò bẹ̀rẹ̀: gbogbo ògiri, gbogbo ilẹ̀kùn, inú àti òde, pẹ̀lú ìwọ̀n wọn. Ère Èsìẹ́ jẹ́ ẹ̀rí fún èyí. Phillips Stevens, ọmọ Amẹ́ríkà, ya wọ́n, ó sì tẹ ìwé lé wọn lórí jáde ní 1978. Ohun tó bá ti ní fọ́tò, olè kò lè sọ pé tòun ni. Kó wá ìwé ilẹ̀ jáde, torí kò sí àjọ tó máa dá sí ibi tí ìdílé méjì ń jà lé lórí. Kó kó ìwé àkọsílẹ̀ ìrìbọmi àti ti ìgbéyàwó àtijọ́ sínú àpótí tí ikán kò lè wọ̀. Kí ìgbìmọ̀ ìjọ fohùn ṣọ̀kan, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, kí wọ́n sì fi tó Olómù, ọba Òmù-Àrán, létí. Mùsíọ́mù Èsìẹ́ tí NCMM ń bójú tó ló sún mọ́ wa jù. Ibẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà náà.

Kí wọ́n tó fi lẹ́tà ránṣẹ́, kí wọ́n dáhùn ìbéèrè kan láàárín ara wọn: kí ni ilé náà máa máa ṣe ní ọjọ́ Ajé? Bí ilẹ̀ bá gbà, kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ti àtijọ́ di ilé àdúrà òwúrọ̀, ibi tí ẹgbẹ́ akọrin ti ń kọ́ orin, tàbí ibi tí àwọn ọmọdé ti ń kọ́ Bíbélì. Kí wọ́n ya iye kan sọ́tọ̀ nínú owó ìkórè lọ́dọọdún fún òrùlé rẹ̀, kí wọ́n sì yan ẹni tí wọ́n máa bi bó bá jò. Ìjọ tó bá ti ṣe ìyẹn lè fọkàn balẹ̀ dúró de Àbújá, bó tilẹ̀ pẹ́ kí èsì tó dé.